Bí a ṣe pa ariwo ẹ̀rọ kan tó ń ṣa nọ́ọ̀tì: ohun tí ike lè ṣe àtohun tí kò lè ṣe

Ẹ̀rọ náà kò ga ju àyà ènìyàn lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba nọ́ọ̀tì irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi gbígbóná tí wọ́n fi fọ̀ wọ́n, kó gbọ̀n wọ́n lórí tíréè oníhò, kó yọ èyí tí kò pé ìwọ̀n kúrò, kó sì da ìyókù sínú páálí láti inú gọ́tà irin kan. Mọ́tò iná tó ń yí ní ìgbà 1,450 láàárín ìṣẹ́jú kan ló ń wà á. Gíà irin méjì, ọ̀kan eléyín 20, èkejì eléyín 48, ló ń dín ìyípo yẹn kù sí nǹkan bí 600, ìyẹn ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pá tó ń yí ní 600 yìí ló ń ti tíréè síwá tó sì ń fà á sẹ́yìn. Ìbòrí páànù irin tó nípọn tó mìlímítà 1.5 ló bo gíà àti ọ̀pá náà mọ́lẹ̀. Wọ́n fi bóòtù dè é mọ́ férémù ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ férémù sì dúró lórí ilẹ̀ kọnkéré.

Ní ibi tí etí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà máa ń wà, decibel 97 ni ẹ̀rọ ìwọn ariwo kà (decibel ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ariwo ṣe pọ̀ tó). Àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà, tó ń ṣe ìwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́, dá a lámọ̀ràn pé kí ariwo decibel 85 má ṣe ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́, àti pé bí ó bá ti fi decibel 3 lé, kí àkókò náà dín sí ìdajì. Ẹ bá mi kà á lọ: 88 jẹ́ wákàtí 4, 91 jẹ́ 2, 94 jẹ́ 1, 97 jẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré. Àwọn tó ń dúró ti ẹ̀rọ yìí ń dúró tì í láti ìgbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ títí tí yóò fi parí.

Ilé-iṣẹ́ náà ti fún wọn ní ohun tí wọ́n lè fi dí etí. Wọ́n ń lò ó, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń yọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bára wọn sọ̀rọ̀, tàbí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá nọ́ọ̀tì ti há sínú tíréè. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Etí ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹ̀rọ. Ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun wẹ́wẹ́ tó ń gba ìró nínú etí kì í hù padà nínú ènìyàn. Èyí tí ariwo bá pa lónìí, ó kú títí láé nìyẹn, onítọ̀hún kì í sì í mọ̀ títí tí kò fi ní gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ dáadáa mọ́.

Ẹ̀sùn kejì tún wà. Ọ́fíìsì àwọn aṣírò owó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ilẹ̀ kọnkéré kan náà ló sì gbé yàrá méjèèjì. Tí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́, tábìlì wọn á máa gbọ̀n.

Rọ́bà abẹ́ ẹsẹ̀

Kí wọ́n tó pè mí ni àwọn mẹkáníìkì ilé-iṣẹ́ náà ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe: wọ́n gé rọ́bà rírọ̀ tó nípọn, wọ́n sì tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èrò wọn ni pé rọ́bà yóò gba ìgbọ̀n náà sára. Nígbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó níbi tó dúró sí. Tábìlì inú ọ́fíìsì wá ń mì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ariwo tó wà lójú ẹ̀rọ kò sì yí padà rárá.

Ọ̀gá mẹkáníìkì, ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo dé ibẹ̀ pé, "Ó dà bíi pé rọ́bà yẹn ni kò nípọn tó. Ẹ jẹ́ ká fi òmíràn lé e." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí a kọ́kọ́ wọn bí ìwúwo ẹ̀rọ náà ṣe tẹ rọ́bà wọlẹ̀ tó. Mìlímítà 2.5 ni.

Ìwọ̀n kékeré yẹn ló tú àṣírí ọ̀rọ̀. Ohunkóhun tó bá dúró lórí nǹkan rírọ̀ ní iye ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ máa ń fẹ́ gbọ̀n, ohun tó sì ń pinnu iye yẹn ni bí ìwúwo rẹ̀ ṣe tẹ ìtẹ́lẹ̀ náà wọlẹ̀ tó. Bó bá tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ ní mìlímítà 1, yóò fẹ́ gbọ̀n bí ìgbà 16 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá jẹ́ mìlímítà 2.5, ìgbà 10. Mìlímítà 10, ìgbà 5. Mìlímítà 25, ìgbà 3 àti díẹ̀. Rọ́bà máa ń le díẹ̀ sí i nígbà tó bá ń gbọ̀n ju ìgbà tó bá dúró jẹ́ẹ́ lọ, nítorí náà àwọn nọ́ńbà yìí lè gòkè díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tó láti fi mọ ibi tí a wà. Ọ̀pá tó ń ti tíréè ń yí ní ìgbà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn mẹkáníìkì náà ti gbé ẹ̀rọ wọn lé orí rọ́bà tó ń fẹ́ gbọ̀n ní ìgbà 10 gẹ́lẹ́. Gbogbo ìtì tí ọ̀pá náà bá tì í ló ń bá a níbi tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀, ìgbọ̀n sì ń gun orí ìgbọ̀n.

Kí ìtẹ́lẹ̀ tó lè dín ìgbọ̀n tó ń wọ ilẹ̀ kù, iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń gbọ̀n gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po 1.4 iye tí ìtẹ́lẹ̀ náà ń fẹ́ lọ. Bó bá wà lábẹ́ ìyẹn, ṣe ni ìtẹ́lẹ̀ ń fi kún un. Bó bá tó ìlọ́po 3, ìdá kan nínú mẹ́jọ péré ni yóò máa dé ilẹ̀. Fún ẹ̀rọ tiwa, ìlọ́po 3 túmọ̀ sí pé ìtẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀ débi pé ìwúwo ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ ní mìlímítà 23 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí rọ́bà pẹlẹbẹ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìfọ́, láìfẹ̀, láìsì jẹ́ kí ẹ̀rọ dà wó. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n yọ rọ́bà náà, kí wọ́n dá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ padà sórí kọnkéré fún ìgbà díẹ̀, kí a kojú ariwo ná. Ìgbọ̀n tó ń gba ilẹ̀ lọ àti ariwo tó ń gba afẹ́fẹ́ lọ kì í ṣe ọ̀ràn kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló bí wọn.

Fóòmù inú ìbòrí

Wọ́n ti ra fóòmù polyurethane tó nípọn tó mìlímítà 25 sílẹ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fẹ́ kí a lò ó, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìbòrí látòkè délẹ̀. Láti 97, ariwo bọ́ sí 96.

Fóòmù oníhò ṣíṣí máa ń mú ìró tí afẹ́fẹ́ bá gbé wọ inú rẹ̀: afẹ́fẹ́ á máa ra ara rẹ̀ mọ́ ògiri ihò tóótòòtó, agbára ìró á sì di ooru. Ó máa ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa bí nínípọn rẹ̀ bá tó ìdá mẹ́rin gígùn ìgbì ìró náà. Ìró tó ń gbọ̀n ní ìgbà 480 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan (hertz 480) ní ìgbì tó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 71. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 18. Fóòmù sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ kò lè rí irú ìró bẹ́ẹ̀ mú. Ìró tó mú ni ti ṣíńṣíń nọ́ọ̀tì, tó ga ju hertz 3,000 lọ, òun ló sì jẹ́ kí decibel kan yẹn kúrò.

Mo fi nọ́ńbà 480 ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé òun gan-an la bá pàdé. Ìyípo 1,450, tí a bá fi eyín 20 sọ ọ́ di púpọ̀, tí a sì pín in fún ìṣẹ́jú àáyá 60, nǹkan bíi 480 ni. Ìyẹn ni iye ìgbà tí eyín gíà ń pàdé eyín láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Áàpù orí fóònù tó ń fi irú ìró hàn gbé òkè gíga kan dúró sórí 480, ó tún gbé kékeré kan sórí 960. Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo wa pariwo pé gíà ni, kí wọ́n lọ pààrọ̀ gíà.

Ohun tí ìyá kan gbọ́

Obìnrin àgbà kan wà lára àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, ó ti pẹ́ níbẹ̀ ju gbogbo àwọn tó kù lọ. Ó tẹ́tí sí gbogbo àríyànjiyàn wa, ó wá ní, "Ẹ pa á, kẹ́ ẹ sì gbọ́ bó ṣe ń kú. Ariwo burúkú yẹn máa ń lọ kí ẹ̀rọ tó dúró."

A pa á. Òótọ́ ló sọ. Ìyípo kò tíì dín kù tó ìdá kan nínú mẹ́wàá tí igbe náà ti já, tó ku ìkùnsínú gíà lásán, èyí tó ń rọra sọ̀kalẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe ń lọ sí dídúró. Bó bá jẹ́ pé gíà nìkan ló ń pariwo ni, ṣe ni ì bá máa dín kù díẹ̀díẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ariwo tó já lójijì bẹ́ẹ̀ ń sọ pé nǹkan mìíràn wà tó ń fẹ́ gbọ̀n ní tòsí 480, pé gíà ló ń jí i, àti pé bí gíà bá ti kúrò lórí nọ́ńbà yẹn, ó sùn padà nìyẹn.

A fi òòlù onírọ́bà lu gbogbo ara ẹ̀rọ náà níkọ̀ọ̀kan nígbà tó dúró. Férémù dáhùn pẹ̀lú ìró kúkúrú. Tíréè náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a kan ìbòrí, ó dún, ó sì ń dún lọ. Áàpù kà á sí hertz 475. Ìbòrí tí wọ́n ṣe láti fi dáàbò bo ọwọ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ gíà ni ó ń gba ìgbọ̀n gíà láti inú bóòtù mẹ́jọ tó so ó mọ́ férémù, tó sì ń fọ́n ọn jáde fún gbogbo yàrá. Fóòmù tí a lẹ̀ sínú rẹ̀ ń dúró de ìró tó ń gba afẹ́fẹ́ bọ̀ láti inú lọ sí ìta, nígbà tó jẹ́ pé inú irin ni èyí tó pọ̀ jù nínú ariwo náà ń gbà kọjá, láìfọwọ́ kan fóòmù.

Mo ti rí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ra fóòmù lé fóòmù. Ọ̀rọ̀ tí ìyá yẹn sọ ló yẹ kí gbogbo ẹni tó bá dé ibi ẹ̀rọ alariwo kọ́kọ́ ṣe: ẹ tẹ́tí sí i bó ṣe ń kú, kẹ́ ẹ tó na owó kankan.

Pípa ohùn páànù

Nǹkan méjì la ṣe sí ìbòrí náà. Àkọ́kọ́, a gé ọ̀nà tí ìgbọ̀n ń gbà wọ inú rẹ̀. A ki òrùka rọ́bà rírọ̀ sábẹ́ etí ìbòrí níbi tí bóòtù kọ̀ọ̀kan wà, a fi rọ́bà sábẹ́ orí bóòtù, a sì wọ ọ̀pá ike tóóró sí bóòtù lára kó má baà fara kan páànù rárá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Rọ́bà tó dára jù lọ kò wúlò bí bóòtù irin bá gba àárín rẹ̀ kọjá tó sì fara kan irin lápá méjèèjì, nítorí ìgbọ̀n á gba ara bóòtù náà lọ. Nígbà tí a dè é tán, bóòtù kan ṣoṣo ṣì ń kan etí ihò rẹ̀, ọwọ́ lásán tí a gbé lé páànù lápá ibẹ̀ ti tó láti mọ̀ ọ́n. A fẹ ihò náà, ó sì dákẹ́.

Èkejì, a pa ohùn páànù fúnra rẹ̀. Irin kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ìgbọ̀n di ooru. Nọ́ńbà tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn èyí ni wọ́n ń pè ní loss factor. Ti irin kì í sábà kọjá 0.001, ti ike tí wọ́n dìídì ṣe fún pípa ìgbọ̀n sì lè ju 1 lọ bí ooru ibi tó wà bá bá a mu. Okùn molecule gígùn inú irú ike bẹ́ẹ̀ máa ń lọ́ mọ́ra wọn. Bí a bá fà á, wọn kì í padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nínú ìfàlẹ̀ yẹn ni agbára ìgbọ̀n ti ń di ooru. Bí onílù ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ohùn awọ ni ike yìí ń pa ohùn páànù.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a gbà lẹ̀ ẹ́ ṣe pàtàkì. Bí a bá kàn lẹ rọ́bà butyl, irú ike tó ń pa ìgbọ̀n tí a lò, mọ́ páànù, ó ń nà ó sì ń sún bí páànù ṣe ń tẹ̀, a sì nílò kó nípọn gan-an kó tó ṣe nǹkan kan. Bí a bá fi páànù tín-ín-rín mìíràn bò ó lórí, tí ike náà wá wà láàárín irin méjì, gbogbo ìgbà tí ìbòrí bá tẹ̀ ni irin méjèèjì yóò máa fa ike náà lọ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan síwá, èkejì sẹ́yìn. Ìfà yẹn ló ń mú kí ike tó nípọn tó mìlímítà kan péré ṣiṣẹ́ ju èyí tó nípọn ní ìlọ́po mélòó kan tí a kò bo lórí lọ. A fi omi ìfọ̀ bó òróró kúrò lára ìbòrí, a lẹ butyl mọ́ àárín páànù kọ̀ọ̀kan níbi tó ti ń tẹ̀ jù, a fi páànù alumíníọ̀mù mìlímítà 1 bò ó. A kò bo gbogbo rẹ̀. Etí àti igun kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀, ike tí a bá lẹ̀ síbẹ̀ ń ṣòfò ni.

Nígbà tí a tún kan ìbòrí náà, ìró rẹ̀ di "kù", ó parí síbẹ̀. Ẹ̀rọ ìwọn ariwo ka 93.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n pè mí pé ó ti ń dún padà lápá kan. Apá tó sún mọ́ mọ́tò ni, níbi tí páànù ti ń gbóná tó dígírì 60. Ike tó ń pa ìgbọ̀n ní ìwọ̀n ooru tó ti ń ṣiṣẹ́ jù: bó bá tutù ju ìyẹn lọ, ó ń le bí igi, bó bá gbóná jù ú lọ, ó ń rọ̀ débi pé kò ní agbára kankan láti fi dá ìgbọ̀n dúró. Èyí tí a lò jẹ́ ti yàrá tútù. A yọ apá yẹn, a sì lẹ irú èyí tí wọ́n ṣe fún ibi gbígbóná. Láti ìgbà náà, mi ò jẹ́ ra ike kankan fún iṣẹ́ báyìí láìka ìwé tó ń sọ ooru tó bá a mu, kí n sì fi ọwọ́ àti tẹmómítà kan ibi tí mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Gíà náílọ́ọ̀nù tó wú

Nígbà tí ìbòrí dákẹ́ ni gíà wá di ẹni tó ń pariwo jù lọ. Bí ariwo ṣe máa ń rí nìyí: ohun méjì tó ń pariwo ní ìwọ̀n kan náà, bí a bá pa ọ̀kan, decibel 3 péré ló ń bọ́. Nítorí náà èyí tó ga jù ni kí a kọ́kọ́ mú, kí a sì múra sílẹ̀ pé èyí tó tẹ̀lé e yóò yọjú.

Agbára tó ń gba inú gíà náà kọjá kò pọ̀, nítorí náà a lè fi ike ṣe ọ̀kan nínú wọn. A fi ti eléyín 20 sílẹ̀ bí irin, torí pé òun ni eyín rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ jù, a sì gé eléyín 48 láti inú náílọ́ọ̀nù 6 líle. Irin tó bá ike pàdé tún ní àǹfààní kan: ike kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ooru lọ, irin ni yóò gbé ooru ìfarakanra kúrò fún un. Líle irin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 70 ti irú ike yìí. Eyín ike máa ń tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí eyín irin bá bá a pàdé, ìpàdé wọn kò ní jẹ́ ìkọlù mọ́.

Nígbà tí a tan ẹ̀rọ, àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Ó dákẹ́ ju bí a ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í fa iná ju ti tẹ́lẹ̀, ìbòrí ń gbóná, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan gíà náà há. Nígbà tí a ṣí i, eyín ike ti yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Omi ni. Nọ́ọ̀tì tó ń jáde láti inú ìfọ̀ ń gbé omi àti oru omi wọ inú ẹ̀rọ. Náílọ́ọ̀nù 6 máa ń mu omi, ó lè mu tó nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ bó bá wà nínú omi pẹ́. Bó bá ti mu ú, ó ń wú. Ike tún máa ń fẹ̀ nínú ooru ní ìlọ́po 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí ti irin. Àlàfo tín-ín-rín tó yẹ kó wà láàárín eyín àti eyín, tí wọ́n gé ní ìwọ̀n ti gíà irin àtijọ́, ti dí pátápátá. Eyín ń fún eyín, ìfúnra ń bí ooru, ooru ń mú kó tún fẹ̀ sí i.

Acetal, ike líle mìíràn, la fi rọ́pò rẹ̀, irú tí wọ́n ń pè ní copolymer, nítorí omi ìfọ̀ náà ní ọṣẹ alágbára tó lè jẹ irú acetal kejì. Bó wà nínú omi títí, acetal kì í mu tó ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún. A sì sọ fún ẹni tó gé e pé kó fi àlàfo sílẹ̀ fún ooru, kó má tẹ̀lé ìwọ̀n gíà irin. Náílọ́ọ̀nù kì í ṣe ike búburú. Níbi gbígbẹ tí ìkọlù ti pọ̀, òun ni mo máa kọ́kọ́ mú, nítorí ó gba lílù ju acetal lọ. Ibi tí a gbé e sí ni kò bá a mu.

Ẹ̀rọ ìwọn ariwo ka 89.

Gọ́tà, àti ilẹ̀

Gọ́tà ni ó rọrùn jù. Nọ́ọ̀tì irin ń já lu páànù irin láti òkè. Kí a tó lẹ ohunkóhun, a gbé ẹnu gọ́tà sókè títí tí gíga ibi tí nọ́ọ̀tì ti ń já fi dín sí ìdajì. Agbára tí wọ́n fi ń balẹ̀ dín sí ìdajì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì náni ju bóòtù mẹ́rin lọ. Lẹ́yìn náà la wá tẹ́ polyurethane mìlímítà 6, èyí tó dà bíi rọ́bà, tí kì í ṣe fóòmù, sí ibi tí wọ́n ti ń balẹ̀. Ike rírọ̀ máa ń fa àkókò ìkọlù gùn, ìró ṣíńṣíń tó ń gún etí kò sì ní rí ààyè jáde. Níbi tí wọ́n kàn ń yọ̀ kọjá, tí wọn kò jábọ́ sí, a tẹ́ UHMWPE, ike yíyọ̀ tí ìfarakanra kì í tètè jẹ. Nítorí omi gbígbóná, a bèèrè fún polyurethane irú ti polyether, torí irú ti polyester máa ń jẹrà nínú omi gbígbóná. Ariwo bọ́ sí 86.

Ní ti ilẹ̀, ibẹ̀ ni ike kò ti tó. Mo mọ̀ pé ó máa ń wuni kí ojútùú gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́ ohun kan náà, pàápàá nígbà tí ohun yẹn ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A da kọnkéré sínú férémù irin kan, a de ẹ̀rọ mọ́ ọn kí ìwúwo rẹ̀ má jẹ́ kó máa fò, a sì gbé gbogbo rẹ̀ lé orí sípíríìngì irin mẹ́rin tí ìwúwo náà tẹ̀ wọlẹ̀ ní mìlímítà 25. Sípíríìngì irin máa ń jẹ́ kí ìgbọ̀n wẹ́wẹ́ gba ara wáyà rẹ̀ sá wọ ilẹ̀, nítorí náà a fi rọ́bà tẹ́lẹ̀ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí rọ́bà ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́ kékeré tó sì bá a mu. A tún yọ páìpù irin tó ń gbé wáyà iná wọ inú ẹ̀rọ, a fi èyí tó ń tẹ̀ rọ́pò rẹ̀, nítorí bí páìpù líle kan bá ṣì so ẹ̀rọ mọ́ ògiri, sípíríìngì ń sùn lásán. Omi inú ife tí mo gbé lé orí tábìlì ọ́fíìsì kò gbọ̀n mọ́.

Fóòmù tó wà nínú ìbòrí, a fi í sílẹ̀, torí ó ṣì ń mú ìró ṣíńṣíń, ṣùgbọ́n a fi ike tín-ín-rín bo ojú rẹ̀ kí òróró má baà wọ ọ́. Fóòmù tó mu òróró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò gbígbóná jẹ́ ohun tó lè gbiná, mo sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí lọ yẹ tirẹ̀ wò.

Wọ́n ti kọ àwọn ohun tí wọn yóò máa yẹ̀ wò sínú ìwé ìtọ́jú ẹ̀rọ náà: kí wọ́n máa wọn àlàfo eyín gíà acetal, kí wọ́n máa fi ìka tẹ polyurethane inú gọ́tà bóyá ó ti ń là tàbí ó ti ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, kí wọ́n máa kan ìbòrí pẹ̀lú òòlù onírọ́bà, kí ẹni tó bá ṣí i fún àtúnṣe sì dá gbogbo òrùka rọ́bà abẹ́ bóòtù padà. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló ṣòro jù. Mẹkáníìkì tó bá ń kánjú á fi bóòtù nìkan dè é, ẹ̀rọ á sì tún gba 90 kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà.

Decibel 86 ṣì ju 85 lọ. Ní ìṣirò NIOSH, wákàtí mẹ́fà àti ogún ìṣẹ́jú ni ènìyàn lè fi dúró nínú rẹ̀. Wọ́n ń pààrọ̀ ara wọn nídìí ẹ̀rọ náà báyìí kí ẹnikẹ́ni má baà kọjá iye yẹn. Tíréè ló kù tó ń pariwo jù, irin ni, torí pé ihò rẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn nọ́ọ̀tì, ihò ike á sì fẹ̀ tàbí kó sún bí ooru bá ṣe rí. Èyí tí a ń gbìyànjú lọ́wọ́ ni láti lẹ butyl àti páànù tín-ín-rín mọ́ abẹ́ rẹ̀ láàárín ìlà ihò kan sí èkejì.